Kílọ́ọ̀ṣì wo ló tọ́ sí ọkọ̀ tí a ti fi agbára kún ẹ́ńjìnnì rẹ̀?

Nígbà tí ènìyàn bá fi agbára kún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, yálà tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló gbé sí i ni o, tàbí ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ló ní kí wọ́n tún kọ, kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ló sábà máa ń kọ́kọ́ ké gbàjarè. Ẹ ó wà ní gíà kẹrin, ẹ ó tẹ iná mọ́lẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì á ròkè, ọwọ́ tó ń ka ìyípo á fò sókè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ò ní yára ju bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì á ní kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Ẹ ó wá lọ wo èyí tí wọ́n ń tà, ẹ ó bá Stage 1, Stage 2, Stage 3, títí dé Stage 5, ọ̀rọ̀ á sì dàrú mọ́ yín lójú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù lọ tí owó wọn ká, wọ́n á gbà pé àwọn ti ra ààbò. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, torí pé kò ṣeé wà mọ́ nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ.

Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò fì sí ibì kankan: kílọ́ọ̀ṣì tó dára jù fún ọkọ̀ yín ni èyí tó rọ̀ jù lọ nínú gbogbo àwọn tó lè gbé agbára ẹ́ńjìnnì yín láìyọ̀. Èyí tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ń fi ẹsẹ̀ yín, gíábọ́ọ̀sì yín àti ìfọ̀kànbalẹ̀ yín san owó ohun tí ẹ ò nílò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè mọ èyí tó rọ̀ tó sì tó, ẹ ní láti mọ ohun tó ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì lágbára.

Ohun mẹ́rin péré

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì lé ara wọn, kí ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹ wá gbìyànjú láti fi ọ̀kan yí èkejì. Bí ẹ bá ṣe tẹ̀ wọ́n tó ni wọ́n á ṣe dì mọ́ra tó. Bí ọṣẹ bá sì wà lọ́wọ́ yín, wọ́n á yọ̀ bó ti wù kí ẹ tẹ̀ wọ́n tó. Bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Irin ńlá róbótó kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tó ń bá kíráńkì (ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí) yí, òun là ń pè ní fláíwíìlì. Wọ́n fi bọ́ọ̀tì de pirẹ́ṣọ̀ pléètì mọ́ ọn. Dísìkì kílọ́ọ̀ṣì wà láàárín àwọn méjèèjì, ihò àárín rẹ̀ sì wọ ọ̀pá tó ń lọ sínú gíábọ́ọ̀sì. Sípíríǹgì tó wà lára pirẹ́ṣọ̀ pléètì ló ń tẹ dísìkì yìí mọ́ fláíwíìlì. Tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, bẹ́ríǹgì kan á ti àárín sípíríǹgì náà, ìtẹ̀mọ́ra á tú, ẹ́ńjìnnì á máa dá yí lọ láìfa gíábọ́ọ̀sì dání.

Agbára ìyípo tí ẹ́ńjìnnì ń gbé jáde ni à ń pè ní tọ́ọ̀kì, Nm (Newton-mítà) la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun mẹ́rin ló ń pinnu iye tọ́ọ̀kì tí kílọ́ọ̀ṣì lè gbé kó tó yọ̀. Àkọ́kọ́ ni iye ojú tó ń fara kan irin: dísìkì kan ní ojú méjì. Èkejì ni bí ohun tí wọ́n fi bo ojú náà ṣe ń dì mọ́ irin tó. Ẹ̀kẹta ni agbára tí sípíríǹgì fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹrin ni bí ibi tí wọ́n ti ń fara kanra ṣe jìnnà sí àárín tó. Ẹ sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di púpọ̀ mọ́ ara wọn, iye tọ́ọ̀kì náà ni ẹ ó rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, torí ìṣirò yìí ló ń la ojú ẹni. Ẹ jẹ́ ká mú dísìkì kan tí fífẹ̀ rẹ̀ láti etí kan dé èkejì jẹ́ 240 mm, tí ihò àárín ojú rẹ̀ sì jẹ́ 150 mm. Láti àárín, etí òde jìnnà ní 120 mm, etí ihò sì jìnnà ní 75 mm; tí a bá pín méjèèjì dọ́gba, ìjìnnà náà jẹ́ 97.5 mm, ìyẹn 0.0975 mítà. Ká ní sípíríǹgì ń fi 6,000 Newton (òṣùwọ̀n agbára ìtẹ̀) tẹ̀ ẹ́, kí ìdìmọ́ra ohun tí wọ́n fi bò ó sì jẹ́ 0.3, tó jẹ́ iye tí a sábà ń rí lára ti ilé-iṣẹ́. Ojú 2, lọ́nà 0.3, lọ́nà 6,000, lọ́nà 0.0975: èsì rẹ̀ jẹ́ 351 Nm. Tí ẹ bá fi sípíríǹgì tó le jù ú lọ ní ìdá 30 nínú 100 sí i, ó di 456 Nm. Tí ẹ bá fi sípíríǹgì sílẹ̀ bó ṣe wà, tí ẹ wá lo ohun ìbojú tí ìdìmọ́ra rẹ̀ jẹ́ 0.4, ó di 468 Nm. Tí ẹ bá sì mú dísìkì méjì kéékèèké, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 mm tí ihò wọn jẹ́ 140 mm, ojú á di mẹ́rin, sípíríǹgì kan náà àti ohun ìbojú kan náà á sì gbé 612 Nm.

Gbogbo ìlérí tí ẹni tó ń ta kílọ́ọ̀ṣì bá ṣe fún yín, ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí ló ti wá, tàbí àkópọ̀ wọn. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi í ni pé: èwo lẹ fọwọ́ kàn? Torí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìyà tirẹ̀ tó ń kó bá awakọ̀, ìyà náà ò sì jọra.

Ẹ kíyè sí ohun kan tí kò sí nínú ìṣirò náà: bí ojú dísìkì ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé dísìkì tí ojú rẹ̀ kún gbọ́dọ̀ dì mú ju èyí tí wọ́n gé sí ègé mẹ́ta tàbí mẹ́fà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fífẹ̀ ojú ń bá ooru àti jíjẹ ṣe, nítorí ojú tó fẹ̀ ń pín ooru káàkiri, ó sì ń pẹ́ kó tó jẹ tán. Kò fi kún tọ́ọ̀kì tí kílọ́ọ̀ṣì lè gbé.

Tọ́ọ̀kì ni kí ẹ wò

Ẹnì kan á ní ọkọ̀ òun ní hósípáwà 400, kí wọ́n bá òun wá kílọ́ọ̀ṣì hósípáwà 400. Hósípáwà kọ́ ni kílọ́ọ̀ṣì ń gbé, tọ́ọ̀kì ni. Hósípáwà jẹ́ tọ́ọ̀kì tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí tó, nítorí náà ẹ́ńjìnnì tó ń yí kíákíá lè ní hósípáwà púpọ̀ láìní tọ́ọ̀kì púpọ̀.

Ẹ wo ọkọ̀ méjì tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ọkọ̀ mọ̀. Honda S2000 tó jáde ní 1999 ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 tí kò ní tọ́bò, ó ń fún ni ní hósípáwà bíi 240 nígbà tó bá ń yí 8,300 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀kì rẹ̀ kò ju bíi 208 Nm lọ. Volkswagen Golf GTI ìran keje náà ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.0, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní tọ́bò. Hósípáwà rẹ̀ jẹ́ 220, ó kéré sí ti Honda, síbẹ̀ tọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ 350 Nm, ó sì ti ń gbé e jáde láti ìyípo 1,500. Ọkọ̀ tí hósípáwà rẹ̀ kéré ló nílò kílọ́ọ̀ṣì tó le jù. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ onítọ́bò fi máa ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì ní kété tí wọ́n bá tún ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì aláìní tọ́bò tí wọ́n tún ṣe lè máa bá kílọ́ọ̀ṣì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún ọdún púpọ̀.

Ìwé tí dáínò, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀, tẹ̀ jáde náà lè ṣi yín lọ́nà ní ibi méjì. Ọ̀pọ̀ dáínò ń wọn agbára níbi táyà, ohun tó sì dé táyà kéré sí ohun tó kúrò ní ẹ́ńjìnnì, torí gíábọ́ọ̀sì àti àwọn ọ̀pá tó ń yí ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì wà ṣáájú gíábọ́ọ̀sì, nítorí náà gbogbo ohun tí ẹ́ńjìnnì bá gbé jáde ló ń fojú kàn. Tí ìwé bá sọ pé 400 Nm dé táyà, tí a sì gbà pé ìdá 15 nínú 100 ló sọnù lọ́nà, a jẹ́ pé bíi 470 Nm ni kílọ́ọ̀ṣì ń gbé. Ìṣìnà kejì ni ti òṣùwọ̀n. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi lb-ft (pound-foot) wọn tọ́ọ̀kì, lb-ft kan sì jẹ́ 1.356 Nm. Kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ 400 lb-ft sí lára ń gbé 542 Nm. Tí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, ẹ lè ra ohun tó le jù tàbí ohun tí kò tó rárá, láìsí pé ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ tọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì yín tó ga jù, ẹ fi bí ìdá 20 sí 30 nínú 100 lé e. Ààyè yìí wà fún ọjọ́ tí ooru bá mú, fún jíjẹ dísìkì, àti fún ìjàǹbá ìgbéra, ìyẹn ìkọlù òjijì tó ń dé bá kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra. Nígbà tí ẹ bá jọ̀wọ́ pẹ́dà lójijì lórí ìyípo gíga, agbára tó ti pamọ́ sínú fláíwíìlì tó ń yí yóò dà lé kílọ́ọ̀ṣì lórí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì ju ohun tí ẹ́ńjìnnì nìkan lè gbé jáde lọ. Ọkọ̀ tó ń fi táyà iwájú nìkan fa ara rẹ̀ á fi táyà náà ṣáná lórí ilẹ̀, ìyẹn á dín ìjàǹbá náà kù. Èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà kò ní jẹ́ kí táyà yọ̀, ohun gbogbo á sì padà sórí kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe bá ẹlẹ́táyà iwájú ṣírò ààyè kan náà.

Ṣé kílọ́ọ̀ṣì ni, àbí nǹkan mìíràn?

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú. Tọ́ọ̀kì ni ẹ fẹ́ fi dán an wò, nítorí náà gíà gíga ni kí ẹ lò, kẹrin tàbí ìkarùn-ún, lójú ọ̀nà tó dá, níbi tí tọ́bò ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kún dáadáa. Ẹ tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí ìyípo bá fò lọ láìjẹ́ pé ọkọ̀ tẹ̀lé e, ó ń yọ̀. Gíà kìíní kò ní fi hàn yín, torí pé ọkọ̀ á tètè sáré kí tọ́ọ̀kì tó dúró lé kílọ́ọ̀ṣì lórí. Kò sì sí ìdí láti ṣe é léraléra; ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá yọ̀ ló ń sun ojú dísìkì.

Nígbà mìíràn, dísìkì ò tíì jẹ, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jò láti ibi sílì ẹ̀yìn kíráńkì bọ́ sórí rẹ̀. Nígbà mìíràn, sílíndà tó wà lẹ́bàá pẹ́dà tàbí èyí tó wà lára gíábọ́ọ̀sì ni kò padà sẹ́yìn tán, tó wá dà bíi pé ẹsẹ̀ ẹnì kan ń sinmi lórí pẹ́dà ní gbogbo ìgbà. Tí ẹ bá gbé kílọ́ọ̀ṣì tó le jù lọ sí ọkọ̀ tí sílì rẹ̀ ń jò, òun náà á yọ̀ láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ Stage

Kò sí ẹgbẹ́ tàbí ìjọba kankan tó sọ ohun tí Stage 1 tàbí Stage 3 jẹ́ lára kílọ́ọ̀ṣì. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún un ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Stage 2 ti ilé-iṣẹ́ kan lè jẹ́ dísìkì organic, ìyẹn èyí tí wọ́n fi fáíbà bò, pẹ̀lú sípíríǹgì líle. Stage 2 ti èkejì lè jẹ́ dísìkì sẹ̀rámíkì tó gé sí ègé mẹ́fà. Bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru ni wíwà wọn yàtọ̀ síra.

Èyí tó tún ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni pé àwọn tó ń tún ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kọ náà ń lo orúkọ yìí. Ẹnì kan á ṣe Stage 2 sí ẹ́ńjìnnì, á wá gbà pé kílọ́ọ̀ṣì Stage 2 ló bá a mu. Àwọn nọ́ńbà méjèèjì ò mọ ara wọn rí. Ẹ gbójú kúrò lára nọ́ńbà, kí ẹ béèrè iye tọ́ọ̀kì tí kílọ́ọ̀ṣì náà lè gbé, bóyá ti ibi ẹ́ńjìnnì tàbí ti ibi táyà ni wọ́n kọ, ohun tí wọ́n fi bo dísìkì, àti bí sípíríǹgì rẹ̀ ṣe le ju ti ilé-iṣẹ́ lọ tó. Olùtajà tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ kí i kí ẹ sì máa lọ.

Ohun tí wọ́n fi bo ojú dísìkì

Ibí yìí ni ìgbádùn tàbí ìnira wíwa ọkọ̀ yín wà jù lọ, mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ níbẹ̀.

Organic ni ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ máa ń bá jáde láti ilé-iṣẹ́. Fáíbà ni, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù líle tó di í pọ̀, wọ́n sì sábà máa ń hun bàbà tàbí idẹ mọ́ ọn. Ó máa ń gbá mú ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń dárí ji ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀, kì í sì jẹ irin fláíwíìlì púpọ̀. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Tó bá gbóná kọjá ààlà, ìdìmọ́ra rẹ̀ á dín kù, á máa rùn. Ṣùgbọ́n bí ìyẹn ò bá pọ̀ jù, tó bá tutù, ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò. Ẹ má fojú kéré organic. Nínú ìṣirò tí a ṣe lókè, organic kan náà pẹ̀lú sípíríǹgì tó le sí i gbé 456 Nm, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe fún ojú títì ò sì kọjá ibẹ̀.

Kevlar ni okùn líle tí Stephanie Kwolek ṣàwárí ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní 1965, òun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù tí ìbọn kì í wọ̀. Lórí dísìkì, ó ń pẹ́, ó sì ń gbá mú wẹ́rẹ́ bí organic. Ó gba sùúrù o. Ó fẹ́ kí wọ́n fi pẹ̀lẹ́ wà á fún ìgbà pípẹ́ kó tó jókòó dáadáa, bó bá sì gbóná jù lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ á máa dán bíi dígí, ìdìmọ́ra rẹ̀ kì í sì í padà. Fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó ń fẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì pẹ́, ó dára. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìgbéra oníjàǹbá tàbí tó ń wọ ìlà ọkọ̀ lórí òkè lójoojúmọ́, kó wá nǹkan mìíràn.

Sẹ̀rámíkì, tó jẹ́ àdàpọ̀ ẹ̀tù bàbà tàbí irin mìíràn pẹ̀lú sẹ̀rámíkì tí wọ́n fi iná dì pọ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré sí. Kì í bẹ̀rù ooru, ìdìmọ́ra rẹ̀ sì ga. Wọ́n sábà máa ń gé e sí ègé mẹ́ta, mẹ́rin tàbí mẹ́fà, ìyẹn sì mú kí dísìkì fúyẹ́, kí gíà máa tètè wọlé. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbá mú lójijì. Láàárín ibi tí kò tíì mú àti ibi tó ti mú pátápátá, ààyè pẹ́dà kéré gan-an, ẹsẹ̀ yín ò sì ní lè fi í gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ á gbọ̀n, á fò, tàbí kó kú. Ègé mẹ́fà rọ̀ díẹ̀ ju ègé mẹ́ta lọ. Lórí pápá eré ìje, níbi tí ìgbéra ò ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́yìn èyí tí gbogbo rẹ̀ di yíyí gíà padà, àbùkù yìí ò já mọ́ nǹkan. Nínú ìlà ọkọ̀ tó ń sún díẹ̀díẹ̀, ìyà ni. Ó sì máa ń jẹ irin fláíwíìlì.

Irin tí wọ́n fi iná dì láti inú ẹ̀tù, àti kábọ́ọ̀nù lórí kábọ́ọ̀nù, ti eré ìje gidi ni wọ́n. Èmi ò ní gbà ẹnikẹ́ni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ níyànjú láti sún mọ́ wọn.

Ohun kékeré kan ṣì kù tí wọn kì í kọ sí ìpolówó. Láàárín ojú méjèèjì dísìkì rírọ̀, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n tẹ̀ díẹ̀ kó lè ṣe bíi sípíríǹgì. Òun ló ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì mú díẹ̀díẹ̀. Dísìkì kan lè jẹ́ organic kó má ní irin yìí, á sì máa gbá mú bíi sẹ̀rámíkì. Ẹ béèrè.

Sípíríǹgì líle àti dísìkì méjì

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti gbé tọ́ọ̀kì sókè ni sípíríǹgì líle, torí pé kò yí bí dísìkì ṣe ń mú padà. Ẹsẹ̀ òsì yín ló máa san gbèsè rẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹsẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, agbára tí ẹ fi ń ti sípíríǹgì náà ń ti kíráńkì síwájú nínú ẹ́ńjìnnì, bẹ́ríǹgì pẹlẹbẹ kan tó ń dí kíráńkì lọ́wọ́ kó má sún ló sì ń gbà á. Sípíríǹgì tó le ní ìlọ́po méjì á máa jẹ bẹ́ríǹgì yìí kíákíá, pàápàá tí ẹ bá ń tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ nídìí iná pupa. Ẹ fi gíà sí àárín, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Àwọn sílíndà kílọ́ọ̀ṣì àti fọ́ọ̀kì tó ń ti bẹ́ríǹgì náà ń jìyà pẹ̀lú.

Dísìkì méjì yẹra fún gbogbo èyí. Ojú mẹ́rin dípò méjì túmọ̀ sí pé sípíríǹgì lè rọ̀, ohun ìbojú lè jẹ́ organic, kó sì tún gbé tọ́ọ̀kì tó pọ̀. Fún ọkọ̀ tí tọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kọjá bíi 600 Nm tí ẹ ṣì fẹ́ máa wà lójú títì, mo rò pé òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó wọ́n ju dísìkì kan lọ, òmíràn máa ń dún gbàràgbàrà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà lójú kan, ìwúwo dísìkì méjèèjì pọ̀ sì lè mú kí gíà lọ́ra láti wọlé tí ẹ bá ń kánjú. Síbẹ̀, ẹni tó ti wa ọkọ̀ alágbára pẹ̀lú dísìkì méjì tó dára ò ní fẹ́ padà sí dísìkì sẹ̀rámíkì kan pẹ̀lú sípíríǹgì tó ń fọ́ orúnkún.

Fláíwíìlì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, pàápàá ti ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn tó ń lo dísẹ́lì, ní fláíwíìlì alápá méjì. Apá kan so mọ́ ẹ́ńjìnnì, èkejì so mọ́ kílọ́ọ̀ṣì, àwọn sípíríǹgì sì wà láàárín wọn tó ń gba ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì kó má dé gíábọ́ọ̀sì. Sípíríǹgì wọ̀nyí ní iye tọ́ọ̀kì tí wọ́n lè gbé. Tí ẹ bá fi agbára púpọ̀ kún ẹ́ńjìnnì, fláíwíìlì yìí lè bàjẹ́ kó sì máa dún, bí kílọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ le tó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pààrọ̀ rẹ̀ sí fláíwíìlì oní-irin-kan.

Ẹ má dà wọ́n pọ̀ o. Nítorí pé sípíríǹgì ti wà nínú fláíwíìlì alápá méjì, dísìkì rẹ̀ kì í sábà ní sípíríǹgì láàárín tirẹ̀. Bí ẹ bá gbé irú dísìkì bẹ́ẹ̀ sórí fláíwíìlì oní-irin-kan, kò ní sí ohun tó ń gba ìgbọ̀nrìrì mọ́, gíábọ́ọ̀sì ló máa gbà gbogbo rẹ̀. Ẹ rí i pé dísìkì yín ní sípíríǹgì àárín. Kódà pẹ̀lú ìyẹn, ẹ retí pé gíábọ́ọ̀sì á máa dún kéérékéé nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, kò túmọ̀ sí pé nǹkan bàjẹ́.

Fláíwíìlì fífúyẹ́ ń mú kí ìyípo ẹ́ńjìnnì yára gòkè kó sì yára sọ̀ kalẹ̀, a sì ń gbádùn rẹ̀ jù ní gíà kékeré. Kò fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnnì. Ìwúwo fláíwíìlì ló ń gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan láìkú, nítorí náà bí ẹ bá yọ ìwúwo náà kúrò, tí ẹ tún wá gbé sẹ̀rámíkì lé e, ẹ ti fi ìnira méjì lé ara wọn. Ẹ mú ọ̀kan.

Bí kílọ́ọ̀ṣì bá le jù

Kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ díẹ̀ nígbà ìjàǹbá ìgbéra ń gba gíábọ́ọ̀sì là. Tí kílọ́ọ̀ṣì ò bá yọ̀ mọ́ rárá, ìjàǹbá náà á wá ibòmíràn gbà jáde: eyín gíà, ọ̀pá táyà, tàbí difẹrẹ́ńṣà. Kílọ́ọ̀ṣì kò ṣòro láti pààrọ̀ tó gíábọ́ọ̀sì tó fọ́. Mo ń sọ èyí fún àwọn tó bá fẹ́ ra kílọ́ọ̀ṣì tó lè gbé 800 Nm fún ẹ́ńjìnnì 400 Nm nítorí pé wọ́n á fi agbára kún un sí i lọ́jọ́ iwájú. Tí ọjọ́ iwájú náà bá dé, ẹ ó tún gíábọ́ọ̀sì ṣe. Ẹ jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì dúró de ọjọ́ náà.

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ onítọ́bò 420 Nm lọ síbi iṣẹ́ tó sì ń tẹ iná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, organic pẹ̀lú sípíríǹgì tó le díẹ̀, tó lè gbé bíi 520 Nm, á tẹ́ ẹ lọ́rùn fún ọdún púpọ̀. Bí ọkọ̀ kan náà bá ń lọ sí pápá ìje lóṣooṣù, sẹ̀rámíkì ègé mẹ́fà tó ní sípíríǹgì àárín ti ní ìdí. Ẹni tó ń dárà nípa fífi táyà ẹ̀yìn yọ̀, tó ń ta pẹ́dà léraléra láti jẹ́ kí táyà tú, ń da ooru sórí dísìkì ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí ooru kì í bà jẹ́ ni kó wá. Ẹni tó ń sáré ìgbéra láti ojú kan ló nílò ààyè tó pọ̀ jù lókè tọ́ọ̀kì rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń gbé e sí i

Gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kúrò kí ọwọ́ tó dé kílọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ náà sì pọ̀. Nítorí náà, ẹ pààrọ̀ bẹ́ríǹgì tó ń ti sípíríǹgì, bẹ́ríǹgì kékeré tó wà láàárín fláíwíìlì bí ọkọ̀ yín bá ní i, àti sílì ẹ̀yìn kíráńkì, lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́ọ̀tì fláíwíìlì tuntun ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n ré ojú fláíwíìlì oní-irin-kan kó dán tàbí kí wọ́n fi tuntun sí i. Bí ojú rẹ̀ bá ti là tàbí tó ní àmì bulúù bulúù tí ooru fi sílẹ̀, tuntun ló dára jù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ ọlọ́ràá kan ojú dísìkì. Kí wọ́n sì wo bí pẹ́dà ṣe ń lọ jìnnà tó, torí pé títì tó kọjá ààlà lè ṣẹ́ sípíríǹgì kílọ́ọ̀ṣì tuntun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń béèrè fún bíi kìlómítà 800 wíwà pẹ̀lẹ́ kí ẹ tó tẹ iná pátápátá. Inú ìlú ni kìlómítà wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ẹ ti ń dúró tí ẹ tún ń gbéra, torí pé ìgbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá ń mú tó ń tú ni ojú dísìkì àti ti irin ń mọ ara wọn. Kìlómítà 800 lórí ọ̀nà márosẹ̀ ní gíà kẹfà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ka nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ òórùn díẹ̀ lè wà, ìgbọ̀nrìrì kékeré náà lè wà. Méjèèjì yẹ kó máa dín kù. Bí wọ́n bá ń pọ̀ sí i dípò kí wọ́n dín kù, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbé e sí i kí ẹ tó dé 800 náà.